Gàníyátù Tó Ń Fi Rọ́ọ̀gì Kọ́lé

Bí o bá fẹ́ ra rọ́ọ̀gì lọ́wọ́ Gàníyátù ní ọjà Wuse, má retí pé yóò gé e fún ọ lójú ẹsẹ̀. Kò ní gé e. Yóò kọ́kọ́ bi ọ́ pé ta ni yóò máa tẹ̀ ẹ́, ta ni yóò máa jókòó lé e, ṣé ọmọ kékeré wà nílé, ṣé ìwọ àti ìyàwó rẹ ṣì jọ ń sọ̀rọ̀. Bí o bá ní kí ló kàn án níbẹ̀, yóò ká rọ́ọ̀gì rẹ̀, yóò fi í ti ògiri, yóò sì ní ìsọ̀ mìíràn wà lápá òsì. Mo rí i tó ṣe é fún ọkùnrin kan tó wọ agbádá funfun, tí awakọ̀ rẹ̀ dúró dè é níta. Ọkùnrin náà fi ìbínú lọ. Ní ọjọ́ kẹta ó padà wá, ó sì dáhùn gbogbo ìbéèrè.

Ọmọ Ìlọrin ni Gàníyátù. Ìyá rẹ̀ ta ẹní títí tó fi jáde láyé, ọ̀dọ̀ ìyá náà ló sì ti kọ́ ọ pé ẹní ni ènìyàn fi ń mọ bí yàrá ṣe tóbi tó: yàrá ẹní méjì, yàrá ẹní mẹ́rin. Nígbà tó tẹ̀lé Mùíbì ọkọ rẹ̀ wá sí Abuja ní 1994, àwọn tó ń ra ẹní kò pọ̀ mọ́, ló bá bọ́ sídìí rọ́ọ̀gì. Ìyá Habeebah ni gbogbo ọjà ń pè é, nítorí Habeebah ni àkọ́bí rẹ̀. Kò mú téèpù dání rí. Tó bá dé ilé rẹ, á bọ́ bàtà, á máa fi gìgísẹ̀ kan ìka ẹsẹ̀ láti ògiri dé ògiri, ẹnu rẹ̀ kò sì ní dúró lórí ọ̀rọ̀ tó ń bá ọ sọ. Mo ti fi téèpù yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀ rí, torí èmi kì í gba ènìyàn gbọ́ bọ̀rọ̀. Ohun tó fi ṣì í kò tó ìka méjì.

Ẹ̀kọ́ tí kò rí kọ́ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ilé tí òun àti Mùíbì kọ́ sí Ìlọrin ló fi kọ́ ọ. Orí fóònù ni wọ́n ti kọ́lé ọ̀hún, bí ọ̀pọ̀ wa tí a wà ní Abuja ṣe ń ṣe. Mùíbì á pe àbúrò rẹ̀, àbúrò á ní iṣẹ́ ti dé òkè fèrèsé, wọ́n á ní Ọlọ́run ṣeun. Nígbà tí wọ́n lọ sílé fún ọdún Iléyá, ilé ti parí. Ó lẹ́wà, ó ní òpó mẹ́rin níwájú, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì kankan kò lè gba ẹnu ọ̀nà yàrá kọjá, fèrèsé kíṣìnnì sì kọjú sí ògiri mọ́ṣáláṣí. Ilé náà wà níbẹ̀ di òní, ewúrẹ́ àdúgbò ló ń gbádùn òpó rẹ̀. Àwọn tó ni ín, yàrá kan ni wọ́n ń gbé ní Mpape, níbi tí ife máa ń mì nínú kọ́bọ́ọ̀dù nígbàkígbà tí àwọn tó ń fọ́ òkúta bá yin àpáta. Bí ènìyàn bá bi Gàníyátù pé ṣé kò dùn ún, á ní ó dùn ún dáadáa, òun sì sunkún, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Èmi ní tèmi, Níyìolúwa ni orúkọ mi, ọmọ Ìsánlú ni mí, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé ilé ìjọba kan ní Garki láìrí àléébù kankan lára rẹ̀. Ní 2006, ìjọba ta ilé náà fún mi. Bí ìwé ilé ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́ báyìí ni ojú mi là: pálọ̀ kéré, kíṣìnnì ṣókùnkùn, kọ́rídọ̀ gùn láìnídìí. Mo ní màá tún un ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ làálàá, kí ó ní òun fẹ́ tún ilé tí òun ń gbé inú rẹ̀ ṣe.

Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà 2007, pílánù mẹ́rin ló wà lórí tábìlì mi. Àkítẹ́ẹ̀tì kan tí a jọ wà ní ọ́fíìsì ló ya àkọ́kọ́. Àtàndá, bíríkìlà tí mo fẹ́ gbé iṣẹ́ fún, ya èkejì sẹ́yìn àpò sìmẹ́ǹtì, ó sì búra pé tòun ló dára jù. Lọ́lá ìyàwó mi ya ẹ̀kẹta sẹ́yìn ìwé ètò ìsìn nígbà tí pásítọ̀ ń wàásù lọ́wọ́. Èmi fúnra mi ya ẹ̀kẹrin nínú ìpàdé ọ́fíìsì, tí mo ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ohun tí ọ̀gá ń sọ. Kò sí méjì tó jọra nínú wọn. Lọ́lá fẹ́ kí kíṣìnnì gbòòrò, èmi fẹ́ kí pálọ̀ gbòòrò. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ láti ẹnu Ọládùnjoyè, ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ.

"Joyè, sọ fún dádì ẹ pé oúnjẹ ti délẹ̀."

"Joyè, sọ fún mọ́mì ẹ pé mo ti gbọ́."

Ọmọ náà á yíjú sí mi, á ní, "Daddy, Mummy says food is ready," nítorí ó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe sọ ọ́ di ògbufọ̀ láàárín ẹni méjì tó gbọ́ èdè kan náà. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, kí n dín iyọ̀ kù. Mo ní, "Dókítà, kì í ṣe iyọ̀, pálọ̀ ni." Kò yé e.

Ìdí tí mo fi ń lé pálọ̀ ńlá kiri ni pé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa máa ń ṣe ìpàdé lóṣooṣù nílé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì kàn mí ní oṣù Disẹ́ńbà. Akínọlá, alága wa, ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé sí Jahi ni. Pálọ̀ rẹ̀ tóbi débi pé bí o bá kí i láti ẹnu ọ̀nà, wàá tún un kí nígbà tí o bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ti pinnu pé màá wó ògiri tó wà láàárín pálọ̀ àti kọ́rídọ̀, màá sọ méjèèjì di ọ̀kan. Ògiri ọ̀hún kò tilẹ̀ mọ́ mọ́. Ìlà dúdú kan tó ń dán bí ohun tí wọ́n fi òróró pa ti wà lára rẹ̀ láti oṣù mélòó kan, bí a ṣe ń nù ún tó ló ń padà.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Kì í ṣe pálọ̀ nìkan ló ń mú ẹ̀jẹ̀ mi ru, ìyá mi ni. Màmá ti pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Díẹ̀díẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń lọ, tó sì ń fi í pamọ́ fún wa, títí tó fi ṣubú lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan ní Ìsánlú, èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Mo lọ gbé e wá sí Abuja ní oṣù kìíní. Àwọn dókítà yẹ ojú náà wò, wọ́n ní ohun tó ti lọ ti lọ. Ó lè mọ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́, ó lè mọ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú, kò lè rí ènìyàn mọ́. Kò sì sí ẹni tó kù sílé tí yóò máa wò ó, nítorí bàbá mi ti kú, Èkó ni àwọn àbúrò mi wà. Bí ó bá padà sí Ìsánlú, mo mọ ohun tí wọ́n máa pè mí láti sọ fún mi níjọ́ kan. Mo fẹ́ kó máa bá wa gbé. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sọ̀rọ̀ àtilọ rárá. Mo sọ fún gbogbo ilé pé a fẹ́ tún ilé ṣe. Ọjọ́ kejì ló ní òun fẹ́ lọ sílé.

Mo rò pé yàrá tó wà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ni. Mo ní, "Màmá, a máa kọ́ yàrá tuntun fún yín lẹ́yìn ilé, ti yín nìkan."

Ẹnu Yàgbà ni ìyá mi ń sọ. Mo ń kọ ọ́ síhìn-ín bí gbogbo ènìyàn yóò ṣe gbọ́ ọ. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Tí iṣu tuntun bá ti jáde, wàá mú mi lọ sílé."

Mo fi tọ́ọ́lẹ́ẹ̀tì kún yàrá náà nínú pílánù. Ó ní mo ṣeun, òun ń lọ sílé. Mo fi táìlì kún un, mo fi fáànù kún un, mo fi fèrèsé ńlá kún un fún ẹni tí kò ríran. Bí mo ṣe ń fi nǹkan kún yàrá ló ń ká aṣọ rẹ̀ sínú báàgì.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn nígbà tí Lọ́lá lọ bá Gàníyátù ní ọjà, ó ní kí ó wá wọn ilé wa fún rọ́ọ̀gì. Mo bínú. Mo ní rọ́ọ̀gì pálọ̀ wo, pálọ̀ tí a kò tíì kọ́? Lọ́lá fèsì, láti ẹnu Joyè, pé rọ́ọ̀gì nìkan ni òun lè yàn nínú ilé yìí láìjà.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni Gàníyátù dé. Ó kí wa, ó kúnlẹ̀ kí Màmá, ó sì wo orí tábìlì. Ó gbé pílánù wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dorí ọ̀kan kodò, n kò sì rò pé ó mọ̀.

"Bàbá Joyè, èwo ni ilé yín nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?"

"A ò tíì mọ̀."

"Kai. Ẹ ò tíì mọ ilé, ẹ ti ń jà nínú ẹ̀." Ó yíjú sí ìyàwó mi. "Ìyá Joyè, ìgbà wo lẹ sùn dáadáa gbẹ̀yìn?"

Lọ́lá ní ó ti tó oṣù méjì.  Èmi kò mọ̀ pé kì í sùn, mo rò pé èmi nìkan ni mò ń la ojú sílẹ̀. Ojú tì mí gidigidi.

Gàníyátù ká ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó kì wọ́n sínú báàgì rẹ̀. Mo nawọ́ láti gbà wọ́n.

"Ọ̀gá, ẹ fi sílẹ̀," ló wí. "Ìwé yìí ló ń gbé BP yín sókè. Ìwé ò lẹ́sẹ̀, kò mọ ibi tí èèyàn ti máa kọsẹ̀. Ní Sátidé, ẹ má lọ síbì kankan. Mò ń bọ̀ wá kọ́ ilé náà fún yín láàárọ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ màá wó o. Ẹ gbé inú ẹ̀ ná. Tó bá gbà yín, ẹ pe bíríkìlà."

Lẹ́yìn náà ló jókòó, tó sì sọ ìtàn ilé rẹ̀ ní Ìlọrin fún wa, tòun ti ewúrẹ́ ibẹ̀. Lọ́lá rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín náà nínú ilé wa.

Ní àárọ̀ Sátidé, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan gbé òun àti àjákù rọ́ọ̀gì dé, àwọn èyí tó máa ń ṣẹ́kù nígbà tó bá gé ti oníbàárà tán. Ó tẹ́ wọn sí ẹ̀yìn ilé wa lábẹ́ igi máńgòrò bí ó ṣe wà nínú pílánù tèmi, torí pé pílánù tèmi ló ní ìjọ̀gbọ̀n jù, kíṣìnnì ńlá ti Lọ́lá nìkan ló fi kún un. Èyí tó pupa ni pálọ̀, aláwọ̀ ewé ni kíṣìnnì, aláwọ̀ ilẹ̀ ni yàrá Màmá. Ibi tí kò bá ti sí rọ́ọ̀gì, ògiri ni. Ó ṣe òfin kan: ẹni tó bá gba inú ògiri kọjá, òun ni yóò fọ abọ́ ọjọ́ náà.

A gbé sítóòfù jáde, a gbé àga àti tábìlì jáde. Aládùúgbò wa kan tó jẹ́ Hausa yọjú lókè fẹ́ǹsì, ó ní, "Sànnu, Oga Níyì. Na wedding?" Mo ní ilé la ń kọ́. Ó wò wá títí, ó ní, "Yauwa," ó sì rọra fi orí pamọ́.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, ara bẹ̀rẹ̀ sí tù wá. Kíṣìnnì ńlá tí Lọ́lá fi ọjọ́ mẹ́ta bá mi jà lé lórí, ó wọ inú rẹ̀, ó ní òun fẹ́ se ìrẹsì. Láti ibi omi dé ìdí iná, láti ìdí iná dé ibi abọ́, ó ń rìn ṣáá. Nígbà tó yá ó dúró, ó fi ọwọ́ ti ìbàdí. "Bàbá Joyè, mo ti rìn dé Kúbwà o, ata ò tíì bọ́ síná." Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀, tó ká ìdajì rọ́ọ̀gì aláwọ̀ ewé. Ó ní fèrèsé ni òun ń fẹ́, pé òkùnkùn ló ń dun òun nínú kíṣìnnì àtijọ́, kì í ṣe ààyè. Oṣù méjì la ti ń jà, òun náà kò sì mọ̀ pé fèrèsé ni.

Èmi jókòó sí orí pálọ̀ ńlá mi bí alága. Mo bá Lọ́lá sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ ní kí ni?" Mo tún un sọ, ó ní, "Mi ò gbọ́." Mo dìde láti lọ bá a, mo sì gba inú ògiri kọjá. Nígbà tó fi máa di aago méjìlá, mo ti gba inú ògiri kọjá lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fọ abọ́ níwájú ìyá mi, ìyàwó mi àti ọmọ mi, Gàníyátù sì dúró tì mí, ó ń tọ́ka sí ibi tí n kò fọ̀ dáadáa. A rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn wá. A kò rán Joyè sí ara wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́jọ́ náà.

Ó wá kan Màmá. Joyè fà á lọ́wọ́ wá sórí rọ́ọ̀gì aláwọ̀ ilẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá etí rọ́ọ̀gì, ó sì rìn ín yíká.

"Yàrá mi nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ó tóbi. Báwo ni mo ṣe máa dé ọ̀dọ̀ yín?"

Mo ní kó gba inú pálọ̀. Ó wọ orí rọ́ọ̀gì pupa, ó na ọwọ́ òsì. Ọwọ́ náà ń wá nǹkan nínú afẹ́fẹ́, kò sì rí i. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó dá a padà. Ó dúró sáàárín pálọ̀ ńlá mi, kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn.

"Ó dára," ló wí. "Ẹ kú iṣẹ́. Níyì, iṣu tuntun á ti máa jáde, àbí?"

Ó dùn mí, ó sì bí mi nínú. Mo ní, "Màmá, kí ló kù tí n kò ṣe?" Ohùn mi le ju bó ṣe yẹ kí ohùn ọmọ le sí ìyá.

"Kò sí, ọmọ mi. O ti ṣe gbogbo rẹ̀."

Gàníyátù kò wo ẹnu wa. Ọwọ́ òsì Màmá ló ń wò láti ìgbà tó ti nà án. Ó mú un lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ní, "Màmá, òùngbẹ ń gbẹ mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu omi wá." Mo fẹ́ bínú pé irú àgbàlagbà wo ni wọ́n ń rán níṣẹ́, ó bá wò mí lójú, mo pa ẹnu mọ́.

Bí Màmá ṣe wọ inú ilé, ó di ẹlòmíràn. Ó gbé ọwọ́ òsì lé ògiri kọ́rídọ̀, ó ń lọ wéréwéré, kò fẹsẹ̀ wá ilẹ̀, kò dúró. Ó yà níbi tó yẹ kó yà, ó wọ kíṣìnnì, ó mú ife, ó bu omi, ó sì gbé e padà wá láìdà á sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí ìlà dúdú tó ń dán yẹn. Òrí tó máa ń fi pa ọwọ́ láràárọ̀ ló ya ìlà náà, láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ títí dé kíṣìnnì. Ohun tí mo ti ń fi kànìnkànìn àti ọṣẹ nù dànù láti ọjọ́ yìí, ọ̀nà ìyá mi ni.

Gàníyátù gba omi, ó mu ún tán. Ó ní, "Bàbá Joyè, ògiri wo lẹ ní ẹ máa wó?"

 Ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi dì mí lójú, ó ní kí èmi náà lọ bu omi wá.

Ọdún méjìlá ni mo ti ń gbé ilé yìí. Mo fi orúnkún gbá fíríìjì, mo fi orí gbá etí ilẹ̀kùn, mo dì mọ́ kọ́tìnnì kan bí ẹni tó rí ọmọ ìyá rẹ̀. Joyè ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Daddy, that's not kitchen." Ọwọ́ kan wá di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ tó le tó sì kún fún òrí, ó gbé e lé ògiri.

"Ẹsẹ̀ mẹ́rin, ilẹ̀kùn Joyè," ni ohùn ìyá mi wí. "Ẹsẹ̀ méje sí i, ògiri á tán, kí o yà sọ́wọ́ òsì. Má sáré. Ògiri kò ní sá fún ọ."

Mo gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ilẹ̀kùn Joyè wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo dúró, n kò tú ojú mi. Mo ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

"Kí n sọ kí ni? Ilé rẹ ni. Ṣé kí n wá jókòó sílé ọmọ mi kí n ní kó má tún un ṣe nítorí èmi? Oṣù mẹ́ta ni mo fi mọ ibí yìí. Èyí tí o fẹ́ kọ́ tuntun yìí, orí mi ò gbé e mọ́, Níyì. Tí o bá wó ògiri yìí, ojú tó kù fún mi lo wó yẹn. Mo wò ó pé kí n kúkú lọ sí Ìsánlú tí mo ti mọ̀ láti kékeré, bí mo tilẹ̀ ń ṣubú níbẹ̀."

Ó dára tí ìborùn Gàníyátù wà lójú mi, nítorí ó ti tutù. Mo ti ń fi nǹkan kún nǹkan láti dá ìyá mi dúró, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ni mò ń lé e lọ.

Joyè ní, "Me, I know now. Grandma máa ń count. She taught me."

Mo ní kí ló dé tí kò sọ.

"Nobody asked me. You people only said, tell Mummy, tell Daddy."

Ní ọjọ́ Ajé, Àtàndá gbé òòlù dé. Mo ní a kò wó ògiri mọ́, a kò kọ́ yàrá mọ́, fèrèsé kíṣìnnì nìkan ló máa fẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n pè síbi oúnjẹ tí wọ́n wá fún ní omi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ṣe é tán. Ìmọ́lẹ̀ wọ kíṣìnnì, Lọ́lá ń kọrin níbẹ̀, ó sì ń sùn. Nígbà tí mo padà sí ọ̀dọ̀ dókítà, ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀, pé òun ti sọ fún mi nípa iyọ̀. N kò já a ní koro.

Gàníyátù ni kò rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀. Lọ́lá ní ó kéré tán kí a tẹ́ rọ́ọ̀gì sí pálọ̀ àtijọ́ àti kọ́rídọ̀, kí ọ̀rọ̀ lè dọ́gba. Ó kọ̀. Ó ní etí rọ́ọ̀gì máa ń ká sókè, pé kò ní ti ọwọ́ òun tí Màmá máa fi ṣubú. Kékeré kan ló tà fún wa, ti yàrá Joyè, ó sì tún bi wá léèrè bóyá ọmọ náà máa ń tọ̀ sílẹ̀. Mo ti ń bá àwọn oníṣòwò pàdé láti ìgbà tí mo ti dé Abuja, n kò tíì rí ẹlòmíràn tó gbé ọjà dé ẹnu ọ̀nà mi tó tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e padà. Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní kí n má gbé òun gẹṣin, pé Habeebah ń lọ yunifásítì, kí n sọ fún àwọn ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì pé òun ń ta rọ́ọ̀gì.

Ṣùgbọ́n Màmá kò sọ pé òun dúró. Kò ní òun ń lọ, kò ní òun kò lọ. Iṣu tuntun jáde, a sè é, a gún un, ó jẹ ẹ́, báàgì rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì bó ṣe dì í. Ẹ̀rù ń bà mí láti bi í. Gbogbo ohun tí a bá gbé fún un, á ní ó dára. Ọbẹ̀ tó níyọ̀ jù, ó dára. Tẹlifíṣọ̀n tó ń pariwo, ó dára. Bí àlejò ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Disẹ́ńbà dé. Ènìyàn méjìdínlógójì wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ nínú pálọ̀ tí kò gbà ju ogún lọ. Àwọn kan jókòó sórí àpótí kíṣìnnì, àwọn kan dúró sójú fèrèsé. Akínọlá alága, tó ga, kò rí ibi kó ẹsẹ̀ sí, ló bá nà án gbọọrọ sí ẹnu kọ́rídọ̀. Akọ̀wé ń ka ìwé ìpàdé lọ́wọ́ nígbà tí Màmá jáde láti yàrá rẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ lára ògiri. Mo rí ẹsẹ̀ alága, mo rí ẹsẹ̀ ìyá mi, n kò sì lè dé ibẹ̀ nítorí èrò.

Ẹsẹ̀ Màmá kan bàtà. Ó dúró. Akọ̀wé dákẹ́.

"Ta ló na ẹsẹ̀ sójú ọ̀nà mi?"

Alága ká ẹsẹ̀ kíá, ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá, èmi ni."

"Ìwọ ta ni? Akínọlá? Má nà án síbẹ̀ mọ́. Èmi ń gba ibí yìí kọjá láràárọ̀ lálaalẹ́." Ó yí orí sí ibi tó gbà pé mo wà, kò sì ṣì í. "Níyì, o ò mọ èèyàn tò. Lọ́dún tó ń bọ̀ tí ìpàdé bá tún kàn wá, èmi ni màá sọ ibi tí oníkálukú máa jókòó sí."

Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Mo gba àárín èrò kọjá lọ sí kíṣìnnì, nítorí n kò fẹ́ kí alága rí ojú mi. Lọ́lá ń bu oúnjẹ níbẹ̀, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó rọra fi apá nu ojú tirẹ̀, ó sì gbé àwo méjì lé mi lọ́wọ́ pé kí n kọ́kọ́ gbé ti Màmá fún un.